Bàtà, bàtá, bata: ṣé ìbátan ni wọ́n?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá ní kíláàsì: "Ṣé látara orúkọ ilé iṣẹ́ Bata ni Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ náà, bàtà?" Àwọn mìíràn nínú yín tilẹ̀ ní ilé làwọn ti gbọ́ ọ. Rárá o! Ẹ jẹ́ ká wo ọdún.

Orúkọ ìdílé kan ni Bata. Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1894, ní ìlú Zlín, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Ṣùgbọ́n ní 1884 ni odindi Bíbélì èdè Yorùbá ti parí, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 3, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Mósè bọ́ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàtà ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ti wà nínú ìwé kí ilé iṣẹ́ náà tó dáyé. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Irú kòńgẹ́ báyìí pọ̀. Ní èdè Swahili, pẹ́pẹ́yẹ ni bata. Ní Indonesia, bíríkì ni. Ní èdè Tagalog, lórílẹ̀-èdè Philippines, ọmọdé ni. Kí ló fà á? Ìró b, t àti a wà nínú èdè tó pọ̀ jù lọ láyé, ọ̀rọ̀ náà sì kúrú. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Kúbà. Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bata sì ni ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ nínú ilé. Ìyẹn kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní batá, ìlù mẹ́ta tí wọ́n ń lù fún òrìṣà. Iyá ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù. Ẹ ò rí i pé ìyáàlù wa nìyẹn? Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló gbé bàtá dé ọ̀hún. Ìbátan gidi lèyí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́ta: Ṣé ìtumọ̀ wọn bára mu? Ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ náà gbà débẹ̀? Ọdún wo ló kọ́kọ́ hàn nínú ìwé? Láìṣe bẹ́ẹ̀, a ó máa sọ ohun tiwa di ti ẹlòmíràn, a ó sì máa gba ohun ẹlòmíràn mọ́ tiwa.

Ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn o. Bí ẹ bá dé ọjà n'Íbàdàn, tí ẹ ní "Mo fẹ́ ra bàtá," ilé onílù ni wọ́n máa júwe fún yín!