Irinṣẹ́ Ìwá Òǹkà Ọrọ̀-ajé fún Aṣojú Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Irinṣẹ́ ìwá òǹkà ọrọ̀-ajé ni ètò kọ̀ǹpútà tí aṣojú ọgbọ́n àtọwọ́dá ń lò nígbà tí ó bá nílò òǹkà, bí i iye ènìyàn, ọ̀wọ́ngógó ọjà tàbí àpapọ̀ ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè kan pèsè lọ́dún. Aṣojú ni ètò tí ń gba ìbéèrè ní èdè ènìyàn, tí ó sì lè lo irinṣẹ́ mìíràn kí ó tó dáhùn. Ìdí tí ó fi nílò rẹ̀ ni pé àwòṣe èdè kì í tọ́jú òǹkà bí ìwé àkọsílẹ̀ ti ń ṣe. Ó lè fi ìdánilójú kan náà sọ òǹkà tòótọ́ àti èyí tí kò sí níbì kankan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àpẹẹrẹ tí ó rọrùn ni API ti Báńkì Àgbáyé, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè ibẹ̀ máa ń ní àmì orílẹ̀-èdè, àmì òǹkà àti ọdún. CIV ni àmì Côte d'Ivoire, NGA ni ti Nàìjíríà. SP.POP.TOTL dúró fún iye ènìyàn, FP.CPI.TOTL.ZG sì dúró fún ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó ọjà lọ́dún. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀wọ́ngógó Côte d'Ivoire láti 2015 dé 2020 yóò béèrè báyìí:

country/CIV/indicator/FP.CPI.TOTL.ZG?date=2015:2020&format=json

Èsì yóò dé pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tún dátà náà ṣe gbẹ̀yìn. Ọdún tí kò bá ní òǹkà yóò gbé null wá. Null kì í ṣe òdo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí àkọsílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Google ṣí ọ̀nà kan tí aṣojú lè gbà wọ inú Data Commons, àká dátà rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ọ̀nà náà ń lo Model Context Protocol, ìlànà tí Anthropic gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Ohun tí àpèjúwe irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ

Àpèjúwe tí a kọ sára irinṣẹ́ ni aṣojú ń kà kí ó tó yan èyí tí yóò lò. Ohun tí àpèjúwe náà kò bá sọ, aṣojú á fi àbá dí i. Nítorí náà, ó yẹ kí ó sọ ẹyọ owó, ọdún ìpìlẹ̀ àti bí agbègbè tí òǹkà náà kàn ti tóbi tó. NY.GDP.MKTP.CD ń fi iye dọ́là ọjà pààrọ̀ owó wọn ọrọ̀, NY.GDP.MKTP.PP.CD ń wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí agbára tí owó ní láti ra nǹkan nílé. Òǹkà méjèèjì jìnnà síra ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ọdún ìpìlẹ̀ náà lè ṣini lọ́nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó Nàìjíríà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó di 24.48. Ọjà kò ṣàdédé rọ̀ tó bẹ́ẹ̀: àjọ tí ń rí sí òǹkà, NBS, ni ó sọ 2024 di ọdún ìpìlẹ̀, tí ó sì tún ìwọ̀n àwọn ohun tí wọ́n ń kà ṣe. Aṣojú tí ó bá fi òǹkà méjèèjì wéra láìsọ èyí yóò ṣi olùbéèrè lọ́nà, bí òǹkà kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ péye.

Ibi tí òǹkà kò dé: N'Gattakro

N'Gattakro jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Bouaké, ní agbègbè Gbêkê. Òǹkà Côte d'Ivoire lápapọ̀ ni CIV ń gbé wá. Kò sí àmì fún N'Gattakro lábẹ́ rẹ̀. Ní 1998, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA bẹ̀rẹ̀ ìṣirò iye owó ọjà lọ́nà kan náà, ìlú ńlá kan ni wọ́n wò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Abidjan ni ti Côte d'Ivoire. Owó ọjà Bouaké kò sí nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ iye ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn wáyé ní 1998, kò sì tún wáyé títí di 2014. Láàárín rẹ̀ ni ogun bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí Bouaké sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Síbẹ̀, àká dátà ní òǹkà fún ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 1998 sí 2014. Àfojúdíwọ̀n ni wọ́n, wọn kì í ṣe èsì kíka orí. Ìkànìyàn ọdún 2021 ni ó fi hàn pé ènìyàn 29,389,150 ni ó wà ní orílẹ̀-èdè náà.

Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń pè ní Anago, ni ó ti Ẹ̀jìgbò wá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá béèrè bóyá ọjà ti wọ́n sí i ní N'Gattakro kí ó tó kó ẹrù láti Abidjan, owó rẹ̀ wà nínú ìdáhùn náà. Irinṣẹ́ tí ó dára kò ní fi òǹkà orílẹ̀-èdè dá a lóhùn bí ẹni pé ti àdúgbò ni. Yóò sọ fún un pé kò sí òǹkà fún N'Gattakro, yóò fún un ní ti Côte d'Ivoire, yóò sì sọ ọdún rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti kà á.