Láti Òdìgbó dé Etí Òkun ní Ọjọ́ Kan

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó mọ Orè, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fara balẹ̀ wò ó kò pọ̀. Ọkọ̀ tí ó ń ti Èkó lọ sí Bìní a dúró níbẹ̀, èrò a sọ̀ kalẹ̀, wọn a jẹun, ọkọ̀ a sì tún gbéra. Àwọn àgbà a máa rántí ìlú náà nítorí ogun abẹ́lé, nítorí pé ní agbègbè rẹ̀ ni a ti dá àwọn ọmọ-ogun Biafra dúró ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Láti ìgbà náà ni "Ó le kú, ìjà Orè" ti wà lẹ́nu gbogbo Yorùbá. Ṣùgbọ́n oríta ni Orè. Ọ̀nà kan ti ibẹ̀ dorí kọ gúúsù, ó la ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá, ó sì dé ẹnu omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ yóò kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀.

Òdìgbó ni ó yẹ kí ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú àtijọ́ ni, ní ìhà àríwá Orè lójú ọ̀nà Oǹdó, Ọ̀rúnjà sì ni ọba rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ náà ń jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Orè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ní kùtùkùtù, ìkùukùu ṣì bo àwọn oko kòkó. Bí oòrùn bá yọ, a ó rí kòkó tí a sá sí iwájú ilé, a ó sì pàdé ọkọ̀ agégi tí ó ru gẹdú láti ìhà igbó ọba Olúwà.

Àṣìṣe ni bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀nà ìgbèríko lásán ni èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, nígbà tí ìjà àti àìgbọ́ra-ẹni-yé ń sé ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá mọ́ àwọn oníṣòwò, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó wá ọ̀nà mìíràn wọ inú ilẹ̀. Èrò a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà títí dé ìhà Ìtẹbú àti Ayésàn, wọn a sì fi ẹsẹ̀ la igbó já sí Oǹdó. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ ní 1877, ọ̀nà yìí ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀. Ní 1885, àwọn ará Jámánì gbìyànjú láti gba etí òkun Màhín, ṣùgbọ́n ọdún náà kò parí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn ilẹ̀ Yorùbá ní ìhà ìlà-oòrùn ni etí òkun yìí nígbà náà. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ láti Èkó dé Bìní wá là, ojú ayé kúrò lára rẹ̀.

Láti Orè, ọkọ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú. Kòkó a dínkù, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ a sì gba ipò rẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn ọ̀nà náà ni Àgbábù wà, lẹ́bàá odò Olúwà, níbi tí ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì wà nínú ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ láti wá a kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó dé Òkìtìpupa, ìlú ńlá àwọn Ìkálẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí orúkọ rẹ̀ ti wí.

Níbẹ̀ ni ó yẹ kí àlejò ti jẹ púpurú. Àwọn obìnrin a bó ẹ̀gẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Wọn a yọ okùn inú rẹ̀, wọn a fún omi rẹ̀ nù, wọn a sì mọ ọ́n róbótó sórí àjà lókè iná, títí èéfín yóò fi gbẹ ẹ́ tí ara rẹ̀ yóò sì dúdú. Ní ọjọ́ jíjẹ, wọn a ha dúdú náà kúrò, wọn a gún un, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a sì rò ó nínú omi gbígbóná. Ọgbọ́n ilẹ̀ olómi ni èyí: níbi tí òjò ti pọ̀, èéfín a máa ṣe iṣẹ́ tí oòrùn kò lè ṣe tán.

Igbókòdá ni ọ̀nà ilẹ̀ ti pàdé omi. Ọjà ibẹ̀ ni ilẹ̀ méjèèjì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀: púpurú, epo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹja gbígbẹ àti edé ń gòkè bọ̀ láti etí òkun. Ẹja tí a ń jẹ nínú ọbẹ̀ ní Òdìgbó lè jẹ́ èyí tí ó ti ibẹ̀ wá.

Láti èbúté, ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì a máa gba ìpa omi tóóró láàárín ìko àti àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, ewéko olódòdó tí ó ń léfòó, tí ó ya wọ omi Nàìjíríà ní 1984, a máa dí ọ̀nà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni a ó dé Ayétòrò. Àwọn onígbàgbọ́ Ìlàjẹ ni ó tẹ ìlú náà dó ní 1947. Ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn ní àpapọ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n kan ọkọ̀ omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà lórí ẹrẹ̀.

Òkun ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Etíkun Màhín kì í ṣe yanrìn bí ti Èkó. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, kò sì ga ju omi lọ. Ìgbì a tètè wọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, òkun gbogbo ayé sì ń ga sí i. Àwọn ilé tí ó jìnnà sí omi nígbà tí àwọn àgbà ìlú wà lọ́mọdé ti wà nísàlẹ̀ òkun nísinsìnyí, àwọn ènìyàn sì ti ń tún ilé kọ́ sẹ́yìn léraléra. A ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n omi kò dẹ́kun wíwọlé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún ìrìn-àjò yìí. Kí èrò jí lọ ní kùtùkùtù, kí ó wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ó sì kúrò létí òkun nígbà tí oòrùn ṣì ga. Bí ó bá padà dé Òdìgbó lálẹ́, tí a sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò mọ ibi tí ẹja inú ọbẹ̀ náà ti wá. Yóò sì yé e pé ohun tí òkun bá gbà ní Ayétòrò, kì í ṣe Ìlàjẹ nìkan ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.