Abẹ Berlin, Páìpù Hamburg

Bí jẹjẹrẹ bá dí ìfun ńlá pa, ikùn á wú bí ìlù, gáàsì ò ní jáde mọ́, èébì á sì tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló ti dí, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀: wọ́n sábà máa ń gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n á sì so ìfun pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Apá òsì ni ọ̀rọ̀ wà: ṣé kí wọ́n ṣe abẹ ni, àbí kí wọ́n ti páìpù bọ ìfun láti ṣí i?

Berlin ni mo máa ń rántí tí wọ́n bá dárúkọ abẹ, torí ibẹ̀ ni Bernhard von Langenbeck àti ojúgbà rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ Jámánì sílẹ̀ ní 1872. Hamburg ló ni páìpù. Nib Soehendra, ọmọ Indonesia tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Eppendorf níbẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ròyìn, ní 1979, bí wọ́n ṣe ti páìpù oníke bọ ọ̀nà òróòro tó dí. Lónìí, iṣẹ́ méjèèjì wà ní ìlú méjèèjì.

Ọgbọ́n Henri Hartmann, ará Faransé, ti 1921, ni abẹ ṣì ń lò: wọ́n á gé ibi tó ní àrùn, wọ́n á rán ìsàlẹ̀ pa, wọ́n á fa òkè yọ sí ikùn, ìgbẹ́ á sì máa bọ́ sínú àpò. Jẹjẹrẹ ti kúrò lọ́jọ́ kan náà nìyẹn. Àmọ́ àpò tí wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni kì í kúrò lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ́, àwọn èèyàn wa sì kórìíra àpò yìí ju abẹ fúnra rẹ̀ lọ.

Páìpù tí wọ́n ń ti bọ ìfun yàtọ̀ sí abẹ, kì í sì í ṣe oníke bíi ti Soehendra. Wáyà híhun ni, tí wọ́n ká tẹ́ẹ́rẹ́; tó bá ti kọjá ibi tó há, á máa fẹ̀ fúnra rẹ̀. Aláìsàn á yàgbẹ́, á jẹun, á kó okun jọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ṣe abẹ fún un ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè lu ìfun, kí jẹjẹrẹ sì tú sínú ikùn. Ní Netherlands, wọ́n dá ìwádìí kan tó kó èèyàn 98 jọ dúró láìtọ́jọ́, torí ìṣòro ń pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onípáìpù. 2011 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tí ìwòsàn ṣì ṣeé ṣe fún, abẹ ni mo máa dì mọ́, àyàfi tí ọwọ́ ẹni tó ń ti páìpù bá dá mi lójú.

Tí àrùn bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tí kò ṣeé gé mọ́, páìpù ló borí: èèyàn á tètè padà sílé láìgbé àpò, á sì tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ. Bí jẹjẹrẹ bá sún mọ́ ihò ìdí jù ni kò rọgbọ, ìrora ni páìpù ń dá sílẹ̀ níbẹ̀. Tí bevacizumab bá sì wà lára oògùn tí wọ́n fẹ́ lò, kí dókítà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó ti ohunkóhun bọ ìfun, torí oògùn yẹn máa ń mú kí ìfun tó ní páìpù tètè lu.