Ọlọ́dẹ Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kì í ṣe àìsàn. Ètò tí àwọn ènìyàn burúkú kọ ni, láti ba iṣẹ́ wa jẹ́ tàbí láti jí i. Ní ọdún 2000, ọ̀kan wọlé bíi lẹ́tà ìfẹ́. Ẹni tí ó bá ṣí i, àwòrán inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Ètò mìíràn wà tí ó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ ilé. Kí àwọn òbí yín tó rà á, ẹ wò ó bóyá Windows 11 ni ẹ ń lò: Microsoft Defender ti wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má lo ọlọ́dẹ méjì pọ̀. Wọn a máa dí ara wọn lọ́wọ́. Bí ìkìlọ̀ bá sì ṣàdédé yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé, "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ ibí," ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ pe àgbà. Olè ni ó sábà máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́.