Àtẹ̀gùn Tó Ń Ké: Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Kápẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn onípákó ni mo bá wá lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Peckham.

Ọdún 1865 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye. Ayé Ọbabìnrin Victoria náà ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó yí Rye Lane ká. Ẹsẹ̀ tó ti gun àtẹ̀gùn wọn kò níye mọ́. Ìyẹn ni etí pákó fi jẹ, tó sì ń ké bí ẹ bá gbé iṣu yín gòkè. Kí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe? A ó ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun tẹ́ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, kápẹ́ẹ̀tì ń bo àléébù ni, kì í tún un ṣe.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ tan iná wò ó. Pákó kọ̀ọ̀kan ki orí bọ inú igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Igi pẹlẹbẹ kékeré àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi há a síbẹ̀. Bí igi bá gbẹ, á súnkì, èyí tí wọ́n há á tú. Ibẹ̀ ni igbe yẹn ti ń wá. Kí káfíńtà yọ ọ́, kó ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù, kó fi tuntun lẹ̀ ẹ́, kó sì gbá a wọlé padà.

Etí tó jẹ ńkọ́? Wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á fi igi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kó sáà má ga ju àwọn yòókù lọ o. Ẹsẹ̀ á kọ ibẹ̀ ni.

Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, àgàgà níbi tí ọmọdé tàbí aláboyún wà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé ni, òfin Landlord and Tenant Act ti 1985 fi títún ara ilé ṣe sọ́rùn ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ bá káńsù Southwark. Ṣíṣubú lórí àtẹ̀gùn wà lára ewu tí káńsù máa ń yẹ̀ wò nínú ilé.

Màmá tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wo ọmọ-ọmọ kò mọ̀ pé pákó kẹta ti tú. Ẹ tún un ṣe kí wọ́n tó dé. Ó dìgbà o.