Ìdí Tí Bọ̀dá Mi Ò Fi Tẹ Bíréèkì

Ẹ ò ní ṣàì ti gbọ́ "bíréèkì já" rí. Sátidé tó kọjá ni mo tó mọ ohun tó lè fà á.

Ọ̀sán ni àbúrò màmá mi fi Hilux gbé mi lọ kó kòkó lórí òkè kan ní agbègbè Ìdànrè. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà jàre: àpáta, òkúta, kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Bọ̀dá kọ́kọ́ yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà, torí táyà tó rọ̀ máa ń tẹ́ mọ́ àpáta. Wọ́n fi jíà sí 4L, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, a ń gòkè bí ìgbín.

Sísọ̀kalẹ̀ ló dẹ́rù bà mí. Ẹrù ti kún ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ tẹ bíréèkì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnnì ló ń dì wá mú."

Bó ṣe rí nìyí. Ní jíà kìíní, tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tọ́tù, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ sáré. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò máa ha irin, yóò gbóná débi pé ọ́ìlì bíréèkì lè hó. Tó bá ti hó, oru ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, oru sì ṣeé fún pọ̀. Ẹ ó tẹ bíréèkì kanlẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró.

Ní kọ́nà kan, Bọ̀dá nawọ́ sí àfọ́kù lọ́rì kan tó ti dípẹtà nísàlẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀nà ọ̀dà, èmi ni wọ́n ní kí n fi pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí.