Ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ ẹni tí sepsis fẹ́ pa?

Kòkòrò àrùn wọ ara, ara gbéjà kò ó, àmọ́ ìjà náà kọjá ààlà: ara wá ń ba ẹ̀yà tirẹ̀ jẹ́. Sepsis nìyẹn. Ó ń gbé èèyàn dé ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ ibi tó máa já sí? Láti 1996 ni máàkì kan tó ń jẹ́ SOFA ti wà. Nǹkan mẹ́fà ló ń yẹ̀ wò: mímí, ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ̀dọ̀, ìfúnpá, ọpọlọ àti kíndìnrín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 4. Àròpọ̀ kò lè ju 24 lọ. Níbí o, ẹni tí máàkì ẹ̀ pọ̀ jù kọ́ ló yege!

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọsibítù Amẹ́ríkà ló ń lo ètò tí ilé iṣẹ́ Epic ṣe láti máa kìlọ̀ nípa sepsis. Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan dán an wò: nínú 100 tó ní sepsis, 67 ni kò rí. Síbẹ̀, ó pariwo lórí 18 nínú gbogbo 100 aláìsàn tí wọ́n dá dúró.

Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni máàkì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún SOFA ṣírò lójoojúmọ́. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ìrètí ń bẹ; tó bá ń gòkè, kí dókítà tètè tún ìtọ́jú yẹ̀ wò.